Abẹ̀bẹ̀

Abẹ̀bẹ̀ jẹ́ ohun èlò pẹlẹbẹ tí a fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí ara tàbí sí iná. Láàrin àwọn Yorùbá, kì í ṣe ooru nìkan ni a fi ń lé: ó jẹ́ àmì ọlá, ohun èlò òrìṣà àti àpẹẹrẹ ẹ̀bẹ̀.

Orúkọ àti òwe

Orúkọ abẹ̀bẹ̀ jọ ọ̀rọ̀ ìṣe náà «bẹ̀» ní ìró, àwọn àgbà sì ń fi èyí dá àṣà nínú òwe: «Abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ ikú, abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ ọ̀ràn, bí ooru bá mú, abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ̀ ẹ́.» Bí abẹ̀bẹ̀ ti ń rọ ooru, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀bẹ̀ ń rọ ìbínú.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Imọ̀ ọ̀pẹ, awọ ẹran, ìyẹ́ ẹyẹ tàbí idẹ ni a fi ń ṣe abẹ̀bẹ̀. Kì í sọ afẹ́fẹ́ di tútù. Ó ń gbá afẹ́fẹ́ gbígbóná kúrò lára kí òógùn lè tètè gbẹ, gbígbẹ òógùn yìí ló sì ń mú ara tutù. Ní ìdí ààrò, afẹ́fẹ́ kan náà ló ń mú kí ògúnná ràn.

Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ìgbómìnà, níbi tí Òmù-Àrán àti Èsìẹ́ wà, ooru ibẹ̀ a sì máa mú gan-an kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Níbi ayẹyẹ, fífẹ́ abẹ̀bẹ̀ fún ọba tàbí àgbà jẹ́ ìbọ̀wọ̀ fún un. Pé ohun àmúlọ́wọ́ lè jẹ́ àmì kì í ṣe ohun tuntun lágbègbè náà: lára àwọn ère òkúta Èsìẹ́, tí iye wọn lé ní 1,000, àwọn kan mú idà, àwọn mìíràn mú ohun èlò orin. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tí a ṣí fún wọn ní ọdún 1945 ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà.

Nínú ẹ̀sìn

Abẹ̀bẹ̀ idẹ jẹ́ ti Ọ̀ṣun, òrìṣà omi tútù. Àwọn Yorùbá tí a kó lẹ́rú gbé àṣà yìí dé Brazil. Títí di òní, «abebé» ni àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé ń pe abẹ̀bẹ̀ Ọ̀ṣun àti ti Yemọja.

Nínú ìtàn àgbáyé

Ní ọdún 1827, Hussein, alákòóso Algiers, fi abẹ̀bẹ̀ lu Pierre Deval, aṣojú ilẹ̀ Faransé, nígbà tí wọ́n ń jiyàn lórí gbèsè ọkà tí Faransé kò san. Àwọn Faransé fi ìwọ̀sí náà ṣe àwáwí, wọ́n kógun wọ Algiers ní 1830, Àlgéríà kò sì gba òmìnira títí di 1962. Ohun èlò ìtùtù di ohun tí a fi dá ogun sílẹ̀.

Lóde òní

Fáànù oníná ti gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ abẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n bí iná mànàmáná bá lọ, ọwọ́ a tún padà sí abẹ̀bẹ̀. Ìyàwó tuntun ń mú abẹ̀bẹ̀ oníyẹ̀ẹ́ dání níbi ìgbéyàwó, àwọn ẹbí olóògbé sì ń tẹ àwòrán rẹ̀ sórí abẹ̀bẹ̀ láti pín fún àlejò ní ìrántí rẹ̀.