Ìṣírò Ọdún Ẹgbẹ́ Rotary

Òpin oṣù kẹfà ni ọdún ẹgbẹ́ Rotary ń parí. Bí oṣù keje bá ti wọlé, ààrẹ mìíràn ni yóò jẹ. Nígbà náà ni ẹgbẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan ń ro iṣẹ́ rẹ̀ wò. Kànga tí a gbẹ́ kò ṣòro láti kà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ka ọmọ tí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ kò mú? Láti 1985 ni wọ́n ti gbógun ti àrùn yìí. Ní 2020 ni a tó kéde pé kòkòrò àdáyébá rẹ̀ kò sí ní Áfíríkà mọ́, Nàìjíríà ni ó sì ṣe ìkẹyìn. Kí ni ààrẹ ọlọ́dún kan ìbá kọ sílẹ̀? Iye ọmọ tí a kán oògùn sí lẹ́nu, dájúdájú. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, kí ó kọ iye ilé tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn pẹ̀lú, bí ó ti rí ní Kano ní 2003 nígbà tí ìfura oògùn náà gba ìlú. Nítorí ibẹ̀ ni ẹni tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀.