Ta Ni Ó Mọ Orí? Àlàyé Lórí Bí Ojú Ọmọ Ṣe Ń Pé Nínú Oyún

Ìfáárà

Ó lè yà yín lẹ́nu pé èmi tí lítíréṣọ̀ jẹ́ iṣẹ́ mi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ọlẹ̀ inú. Ìsọmọlórúkọ kan ní Ìgándò, ní àdúgbò tí mò ń gbé, ni ó fà á. Ètè òkè ọmọ náà là dé ihò imú. Níṣojú wa ni ìyá ọkọ ti yíjú sí ìyá ọmọ, tí ó ní, ‘Ìyàwó, ọ̀sán gangan wo ni o rìn nígbà tí o lóyún?’ Ìyàwó kò fèsì. Ọjà Ìkọ̀tún ni ó ti ń tajà. Ojoojúmọ́ ni ó ń rìn lọ́sàn-án. Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ bá a dáhùn lónìí.

Àjàlá àti amọ̀ rẹ̀

Ẹ ó rántí ìtàn Ifá tí ó sọ bí Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ṣe lọ yan orí ní ilé Àjàlá, amọ̀kòkò tí ń mọ orí. Orí kan jinná dáadáa, òmíràn kò jinná. Ojú lásán kò sì lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Orí inú, ìyẹn àyànmọ́, ni ìtàn yìí ń bá wí. Ẹni tí ó bá sọ pé Ifá ti mọ̀ nípa sẹ́ẹ̀lì kí òyìnbó tó mọ̀ ọ́n ń di ẹrù tí kì í ṣe ti Ifá lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan: nínú ìtàn náà, ìyá kò sí níbi tí a ti ń mọ orí. Bí orí bá fọ́, a kò dá a lẹ́bi.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì ògbe

Orí òde ńkọ́? Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4, nígbà tí ọlẹ̀ kò tíì tó hóró ìrẹsì kan, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ a ká bí ẹní tí a ká etí rẹ̀ méjèèjì títí wọ́n fi pàdé. Ihò gbọọrọ tí ó ti ibẹ̀ jáde ni yóò di ọpọlọ àti mùdùnmúdùn ẹ̀yìn. Lójú ibi tí etí méjèèjì ti pàdé, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan a já ara wọn gbà. Neural crest ni wọ́n ń pè wọ́n lédè Gẹ̀ẹ́sì. Èmi yóò pè wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì ògbe, nítorí pé bí ògbe ti wà lórí àkùkọ ni wọ́n ṣe wà lórí ihò náà. Inú ẹyin adìẹ ni Wilhelm His, ará Switzerland, ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe wọn ní ọdún 1868.

Arìnrìn-àjò ni wọ́n. Ọ̀wọ́ kan a gba iwájú orí àti àyíká ojú, ọ̀wọ́ kan a lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, òmíràn a sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn. Àwọn ni wọ́n ń di egungun imú, ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ti àgbọ̀n, àwọn egungun wíńwíńní tí a fi ń gbọ́ràn, ọ̀pọ̀ nínú iṣan ojú tí a fi ń mọ ìfọwọ́kàn, àti sẹ́ẹ̀lì tí ń fún awọ ní àwọ̀. Ìpàkọ́ kì í ṣe iṣẹ́ tiwọn.

Nígbà tí Julia Platt, ọmọ Amẹ́ríkà, sọ ní ọdún 1893 pé láti ìpele òde ara ọlẹ̀ ni kerekere orí ti wá, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìgbà náà kò gbà fún un. Ní ọdún 1969 ni Nicole Le Douarin ní ilẹ̀ Faransé rí i pé a lè dá sẹ́ẹ̀lì quail, ẹyẹ kékeré kan tí ó jọ àparò, mọ̀ yàtọ̀ sí ti adìẹ. Ó wá ń gbin ti quail sínú ọlẹ̀ adìẹ, ó sì ń tọpa wọn. Platt ni ó jàre. Ní ọdún 2003, Schneider àti Helms fi sẹ́ẹ̀lì ògbe quail sínú ọlẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ: ẹnu tí ó hù rí bí ti quail. Àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ń gbọ́ àṣẹ lẹ́nu ọpọlọ àti awọ tí wọ́n bá pàdé lọ́nà, ṣùgbọ́n wọ́n gbé àwòrán ojú dání. Ní ilé Àjàlá, ọ̀tọ̀ ni amọ̀, ọ̀tọ̀ ni amọ̀kòkò. Níhìn-ín, amọ̀ ń rìn, ó sì ń bá wọn mọ ọ́n.

Ibi tí ojú ti ń pàdé

Ẹ̀ka ẹran tí ó ti iwájú orí wá àti èyí tí ó ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wá gbọ́dọ̀ pàdé kí ètè òkè tó pé. Sẹ́ẹ̀lì ògbe ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 7 ètè ti pé. Àjà ẹnu a pa dé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12. Bí sẹ́ẹ̀lì kò bá tó, tàbí tí àwọn ẹ̀ka náà kò lẹ̀ mọ́ra, ibẹ̀ ni yóò là. Ọ̀pọ̀ ìyá ni kò tíì mọ̀ pé òun lóyún nígbà tí ìrìn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ni ó ń fà á? Ohun àjogúnbá wà níbẹ̀. Sìgá mímu àti àwọn oògùn wárápá kan náà lè dá kún un. Lọ́pọ̀ ìgbà, a kì í rí ìdí kan ṣoṣo tọ́ka sí. Ní ọdún 2019, Azeez Butali ti Yunifásítì Iowa, Wasiu Adeyemo ti Yunifásítì Èkó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ènìyàn láti Nàìjíríà, Gánà àti Ethiopia. Wọ́n rí ibi tuntun nínú ohun àjogúnbá tí ó bá àjà ẹnu lílà tan. Oòrùn ọ̀sán kò sí nínú rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí mo sọ fún ìyá ọkọ náà nìyí: ‘Màmá, ẹsẹ̀ ìyàwó yín kọ́ ni ó la ètè ọmọ yìí. Ẹ jẹ́ kí a gbé e lọ sí Ìdí-Àràbà.’ Nígbà tí ọmọ náà pé nǹkan bí oṣù 3, wọ́n rán ètè rẹ̀. Àpá tí ó kù níbẹ̀ kò ju fọ́nrán òwú lọ. Ohun tí ó pẹ́ kí ó tó san ni ọ̀rọ̀ tí a sọ sí ìyá rẹ̀ lára lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi lónìí, bí ẹ bá dé irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bi ìyá ọmọ ní ìbéèrè yẹn mọ́.