Ìka tó yá nìkan kò tó: Ohun tí ọdíṣọ̀n music therapy ń wá

Lálẹ́ Sátidé tó kọjá, ọmọ aládùúgbò wa kan kan ilẹ̀kùn mi ní Ìyànà Ìpájà, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo fídíò yìí. Òun ni mo fẹ́ fi ṣe ọdíṣọ̀n." Ọmọ ọdún 19 ni. Òun ló ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó sì fẹ́ lọ kọ́ music therapy, ìyẹn ìmọ̀ fífi orin tọ́jú aláìsàn, ní yunifásítì.

Mo wò ó. Ọmọ náà mọ kíbọ́ọ̀dù tẹ̀, ẹ gbà mí gbọ́! Ìka rẹ̀ ń sáré bíi danfó tó ń já èrò gbà lọ sí Òṣòdì. Nígbà tó parí, mo bi í pé, "Ta lò ń tẹ̀ ẹ́ fún?" Ó dákẹ́.

Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ibi tí mo ń kọ èyí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ní ẹ̀bùn orin rò pé ọ̀nà méjì péré ló wà: kí èèyàn di gbajúmọ̀ olórin, àbí kó gbọ́ ti òbí kó lọ kọ́ nǹkan míì. Èmi gbọ́ ti òbí. Ìmọ̀ òfin ni mo kà. N kò kábàámọ̀, ṣùgbọ́n gìtá mi ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, eruku ti bò ó.

Bàbá ọmọ yìí náà ti sọ tirẹ̀: "Ṣé torí kí o lè máa kọrin fún aláìsàn ni mo ṣe ń san owó iléèwé?" Bàbá, ẹ ṣe sùúrù. Iṣẹ́ gidi ni. Láti 1944 ni Michigan State University ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ HCPC kò gbọ́dọ̀ pe ara rẹ̀ ní music therapist, bí ẹni tó kàwé òfin níbí kò ṣe lè pe ara rẹ̀ ní lọ́yà láìjẹ́ pé ó kọjá ní Law School. Nígbà tí wọ́n yìnbọn lu Gabrielle Giffords, aṣòfin Amẹ́ríkà, lórí ní 2011, tí ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́, orin wà lára ohun tí wọ́n fi ràn án lọ́wọ́ láti tún máa sọ̀rọ̀.

Kí wá ni wọ́n ń wá ní ọdíṣọ̀n? Ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà máa ní kí èèyàn fi ohun èlò rẹ̀ kọ orin méjì tí kò jọra, kó kọrin kó sì máa fi gìtá tàbí dùùrù gbe ohùn ara rẹ̀, kó sì jókòó dáhùn ìbéèrè. Wọ́n tún lè gbé nótì tí kò rí rí síwájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kọ́yà wa mọ sol-fa dáadáa, àwa onílù àti onígìtá ń fi etí kọ́ orin, ṣùgbọ́n nótì orí ìlà márùn-ún ni wọ́n máa béèrè. Ẹ tètè wá olùkọ́, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ méjì sí ọdíṣọ̀n.

Ẹni tí kò lówó òkè òkun, ẹ má sunkún. Ẹ lè gba digirí orin ní UNILAG tàbí OAU ní Ilé-Ifẹ̀ ná. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní University of Pretoria ní South Africa, ìpele másítà ni wọ́n ti ń kọ́ music therapy.

Ìbéèrè tó le jù ni pé: kí ló dé tí o fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí? "Mo fẹ́ràn orin" kò tó.

Nígbà tí mo bi ọmọ yìí, ó pẹ́ kó tó fèsì. Ó wá ní, "Ìyá àgbà ni." Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu ìyá yẹn láti ọdún méjì. Ṣùgbọ́n tí ọmọ yìí bá fi kíbọ́ọ̀dù gbé orin ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ lálẹ́, màmá á máa kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Tó bá rẹ màmá, ọmọ á fà á sẹ́yìn. Tí ohùn màmá bá wálẹ̀, òun náà á wálẹ̀.

Mo ní, "Ọdíṣọ̀n rẹ nìyẹn!" Ní 1973, àwọn onímọ̀ kan ní Boston gbé ọ̀nà ìtọ́jú kan jáde lórí ohun yìí gan-an: ẹni tí kò lè sọ ọ̀rọ̀ mọ́ ṣì lè kọ ọ́ lórin. Àwa náà kò ṣàjèjì sí i. Ẹsẹ̀ oníjó ni onídùndún tó mọṣẹ́ ń wò kó tó yí ìlù padà.

Mo kìlọ̀ fún un kó má fi fídíò màmá ránṣẹ́ o. Àṣírí aláìsàn kì í ṣe ohun ìpolówó. Kó sọ ohun tó kọ́ lẹ́nu ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó tún fídíò náà ṣe. Orin kan péré, ohùn tirẹ̀, kò sáré. Ariwo kọ̀ńdọ́ ń wá láti abẹ́ afárá, jẹnẹrétọ̀ ilé wọn náà ń bú ramúramù. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó jáde lọ pa jẹnẹrétọ̀ náà.