Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn Lẹ́yìn Ìbímọ: Ìgbà Wo Ni Ká Wá Ìrànwọ́?

Bí obìnrin bá bímọ, gbogbo ilé ló máa ń kí i kú ewu. Wọ́n á gbé ọmọ wò, wọ́n á béèrè bóyá ó ń mu ọmú. Ìyá ọmọ ńkọ́? Ta ló bi í bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí?

Bí omi bá ń dà lójú obìnrin láìnídìí ní bí ọjọ́ 3 sí 5 lẹ́yìn ìbímọ, ẹ má jáyà. Ó máa ń ṣe ọ̀pọ̀ abiyamọ bẹ́ẹ̀, torí ara ń yí padà, oorun ò sì tó. Bó bá ń sinmi, ó máa ń lọ kó tó pé ọ̀sẹ̀ 2.

Èyí tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ 2 ni ká fura sí. Àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn rèé:

– Inú rẹ̀ bàjẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, lójoojúmọ́.
– Ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ ò dùn mọ́ ọn mọ́. Ọjà ò wù ú lọ, ọmọ ò wù ú gbé.
– Ọmọ ti sùn, òun ò rí oorun sùn.
– Oúnjẹ ò lọ lọ́fun rẹ̀.
– Ó ń rẹ̀ ẹ́ ṣáá, kò lè ṣírò owó ọjà bíi ti tẹ́lẹ̀.
– Ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun kì í ṣe ìyá gidi.

Ọ̀pọ̀ wa kì í sọ pé ọkàn wa rẹ̀wẹ̀sì. Ohun tá a máa ń sọ ni pé: "Orí ń fọ́ mi, àyà mi ń já, gbogbo ara ló ń ro mí." A ó wá máa lo oògùn ibà ṣáá. Ibà àti àìtó ẹ̀jẹ̀ lè mú kó rẹ èèyàn lóòótọ́, torí náà ẹ lọ ṣàyẹ̀wò, ẹ má kàn ra oògùn lọ́jà.

Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe pé kò fẹ́ràn ọmọ. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. OMS sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, nínú abiyamọ 5, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1 tí ìrẹ̀wẹ̀sì tàbí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ń bá jà.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6, ẹ sọ ti ara yín náà fún agbẹ̀bí. Bó bá yẹ, wọ́n á fi yín ránṣẹ́ sí dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ilé ìwòsàn Jacquot wà ní Kútọnu fún irú ìtọ́jú yìí. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ sísọ nìkan ló ń wò wọ́n sàn. Bí wọ́n bá fún yín lóògùn, ó lè tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ sọ pé ẹ ń fọ́mọ lọ́mú, kí wọ́n lè yan èyí tó yẹ.

Ṣùgbọ́n bí ìyá bá ń sọ pé ó sàn kóun kú, tàbí pé òun á ṣe ọmọ ní jàǹbá, tàbí tó ń gbọ́ ohùn tẹ́nì kan ò gbọ́, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń pàtẹ, ẹ má sọ fún un pé: "Ìwọ tó o rọ́mọ bí, kí lo tún ń sunkún sí?" Ẹ bá a gbé ọmọ, kó lè sùn fún wákàtí 2. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ bi í pé: "Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́?" Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

Ẹ ó jèrè ọmọ o.