Hómíópátì, Oògùn Tí Wọ́n Ń Bomi Là

Hómíópátì jẹ́ ọ̀nà ìwòsàn kan tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì ní ohun tó lé ní igba ọdún sẹ́yìn. Èrò méjì ló gbé e ró. Àkọ́kọ́ ni pé ohun tó bá lè fa àìsàn sí ara ẹni tó le koko, òun náà ló lè wo ẹni tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ń ṣe sàn. Ìkejì ni pé bí wọ́n bá ṣe ń bomi la oògùn náà tó, tí wọ́n sì ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Èrò kejì yìí ló ya hómíópátì sọ́tọ̀ láàárín oògùn tí ọmọ aráyé ń lò, nítorí kò sí alágbo tó máa sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé àgbo tó bá ṣàn jù ló le jù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pa á pọ̀ mọ́ oògùn ìbílẹ̀, bóyá nítorí orúkọ ewé àti òdòdó tó máa ń wà lára ìgò rẹ̀. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó se ewé dongoyaro tó sì mu ún, ewé ló mu: kíkorò rẹ̀ wà lẹ́nu, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì wọ inú ara, ì báà ṣe é lóore, ì báà pa á lára. Nínú ọ̀pọ̀ oògùn hómíópátì, ewé tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára ìgò ti tán pátápátá kí ìgò ọ̀hún tó dé ọjà.

Samuel Hahnemann ni ẹni tó dá a sílẹ̀. Ìlú Meissen ni wọ́n bí i sí ní 1755, ó sì gboyè dókítà ní Erlangen ní 1779. Ìwòsàn ayé ìgbà náà máa ń burú ju àìsàn fúnra rẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Dókítà a máa la iṣan aláìsàn kí ẹ̀jẹ̀ lè dà, a máa kó eṣúṣú lé e lára, a máa fún un ní mákúrì tó jẹ́ májèlé, a sì máa fún un ní oògùn tí yóò mú un bì tí yóò sì mú un yàgbẹ́ títí okun inú rẹ̀ yóò fi tán. Ọ̀rọ̀ yìí sú Hahnemann. Ó pa iṣẹ́ dókítà tì, ó ń túmọ̀ ìwé jẹun.

Ìwé William Cullen, dókítà ará Skọ́tílándì, ló ń túmọ̀ ní 1790 nígbà tó kan ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ èèpo igi cinchona. Igi yìí ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù wá, inú èèpo rẹ̀ sì ni kuníìnì ti ń jáde. Cullen ní tìtorí pé èèpo náà ń mú inú le ló ṣe ń wo ibà. Hahnemann kò gbà, ló bá ń fi èèpo náà dán ara rẹ̀ wò fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́, bí ẹni tí ibà mú gan-an. Ó wá dórí ìpinnu pé ìdí tí èèpo náà fi ń wo ibà ni pé òun fúnra rẹ̀ lè dá ibà sílẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le tó lo kuníìnì kì í sábà rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé ara Hahnemann ló kọ oògùn náà. Ṣùgbọ́n láti orí ìdánwò yìí ni gbogbo ilé náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbé èrò rẹ̀ jáde ní 1796, ó sì kọ Organon, ìwé tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ń tẹ̀ lé títí di òní, ní 1810.

Nítorí pé májèlé pọ̀ nínú ohun tó ń lò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bomi là wọ́n kí wọ́n má baà ṣe aláìsàn léṣe. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Bí ó bá jẹ́ àlùbọ́sà pupa ni wọ́n fẹ́ lò, wọ́n á gé e, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú ọtí líle, wọ́n á sì sẹ́ omi rẹ̀. Ẹ̀kán kan nínú omi yìí ni wọ́n á kán sínú ẹ̀kán 99 omi tí ọtí wà nínú rẹ̀, wọ́n á wá gbọ̀n ìgò náà, wọ́n á máa gbá a mọ́ nǹkan. Ìwé tí èèpo rẹ̀ jẹ́ awọ ni Hahnemann máa ń gbá tirẹ̀ mọ́. Èyí ni wọ́n ń pè ní 1C. Wọ́n á tún mú ẹ̀kán kan nínú 1C, wọ́n á kán an sínú ẹ̀kán 99 mìíràn, wọ́n á tún gbọ̀n ọ́n: ó di 2C. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe é nígbà ọgbọ̀n kí ó tó di 30C, tó jẹ́ ọ̀kan nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á kán an sórí hóró ṣúgà kéékèèké, ọtí rẹ̀ á fẹ́ lọ, á wá ku ṣúgà.

Ìṣírò ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣòro. Nǹkan gbogbo ní mólékù, ìyẹn ẹyọ tó kéré jù tó ṣì ń jẹ́ nǹkan náà. Bí wọ́n bá ti kọjá 12C, ó ṣòro kí mólékù àlùbọ́sà kan ṣoṣo tó kù sínú ìgò. Ní ti 30C, kí ènìyàn tó lè ní ìdánilójú pé òun mu mólékù kan, omi tó máa mu yóò wúwo ju ayé yìí lọ ní ìlọ́po tó lé ní bílíọ̀nù kan. Kò yẹ kí a bá Hahnemann wí púpọ̀ lórí èyí. Ó kú sí Paris ní 1843, ó sì di 1865 kí onímọ̀ kan, Josef Loschmidt, tó ṣírò bí mólékù ṣe tóbi tó. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ló mọ iye náà, tí wọ́n sì ń sọ pé omi máa ń rántí ohun tó ti bá pàdé. Ní 1988, Jacques Benveniste, onímọ̀ ará Faransé, gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature tó dà bí ẹ̀rí fún un. Olóòtú ìwé ìròyìn náà kó àwọn kan lẹ́yìn lọ sí yàrá ìwádìí rẹ̀, onídán James Randi sì wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe lọ́nà tí ẹni tó ń ka èsì kò fi mọ ìgò wo ni oògùn wà, ẹ̀rí náà pòórá.

Lọ́dọ̀ oníhómíópátì, ìbéèrè ló máa ń pọ̀ jù. Ìjókòó àkọ́kọ́ lè tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á bi aláìsàn bóyá àárọ̀ ni orí ń fọ́ ọ tàbí alẹ́, bóyá ooru ló ń dùn mọ́ ọn tàbí òtútù, oúnjẹ wo ló máa ń wù ú, àlá wo ló ń lá, kí ló ń bà á lẹ́rù. Ìdáhùn wọ̀nyí ni wọ́n á fi wá oògùn tó bá a mu. Ẹni tí ọ̀fìnkìn mú, tí omi ń dà lójú àti nímú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fún un ní àlùbọ́sà ọ̀hún, nítorí bí ojú ẹni tó ń gé àlùbọ́sà ṣe ń rí nìyẹn. Kọfí ni ti ẹni tí kò rí oorun sùn, tí ọkàn rẹ̀ kàn ń sáré káàkiri lóru. Ẹni tí kòkòrò ta tí ojú ibẹ̀ wú, kòkòrò oyin ni wọ́n fi ń ṣe tirẹ̀. Arnica, òdòdó òkè ilẹ̀ Yúróòpù, wà fún ẹni tó ṣubú tí ẹ̀jẹ̀ dì sábẹ́ awọ rẹ̀. Nux vomica, tí májèlé strychnine ti ń wá, wà fún ẹni tó jẹun tàbí mutí jù. Oscillococcinum tí wọ́n ń tà fún ọ̀fìnkìn àti ibà rẹ̀, ọkàn àti ẹ̀dọ̀ pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n fi ṣe é, 200C sì ni.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀nà yìí tàn kálẹ̀ ṣe kedere bí a bá wo London ní 1854. Nígbà tí kọ́lẹ́rà jà níbẹ̀, nǹkan bí 16 nínú 100 aláìsàn ló kú ní ilé ìwòsàn hómíópátì, tó sì jẹ́ pé ní àwọn ilé ìwòsàn mìíràn, àwọn tó kú tó ìdajì. Kì í ṣe pé hóró ṣúgà pa kòkòrò kọ́lẹ́rà. Níbòmíràn, wọ́n ṣì ń fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tí omi ara rẹ̀ ti tán. Níbi tiwọn, wọ́n jẹ́ kó sinmi. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ hómíópátì kan sílẹ̀ ní Philadelphia ní 1848. Íńdíà ló gbà á mọ́ra jù lónìí, ìjọba ibẹ̀ sì ní òfin tó ń ṣàkóso rẹ̀ láti 1973. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Benoît Mure gbé e dé Bràsíl ní 1840, ìgbìmọ̀ àwọn dókítà ibẹ̀ sì gbà á wọlé ní 1980. Ní Kúbà, ìjọba pín in fún àwọn àgbàlagbà nígbà àjàkálẹ̀ kòrónà ní 2020.

Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ń gbà dán irú oògùn báyìí wò ni kí wọ́n pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì, kí apá kan lo oògùn, kí apá kejì lo èyí tó jọ ọ́ tí kò ní oògùn nínú, kí aláìsàn àti ẹni tó ń fún un má sì mọ èwo ni èwo. Ní 2005, ìwé ìròyìn The Lancet gbé iṣẹ́ kan jáde tó fi ìdánwò hómíópátì 110 wé ìdánwò oògùn òyìnbó 110. Nígbà tí wọ́n ṣa àwọn tó tóbi tí wọ́n sì fara balẹ̀ ṣe jù, hómíópátì kò fi bẹ́ẹ̀ ju ṣúgà lásán lọ. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ìlera ní Ọsirélíà sọ ní 2015 pé kò sí àìsàn kankan tí ẹ̀rí tó ṣeé gbára lé fi hàn pé ó ń wò. NHS, ètò ìlera ìjọba ní England, sọ ní 2017 pé kí àwọn dókítà má kọ ọ́ fún aláìsàn mọ́, Faransé sì dá owó tó ń san lé e lórí dúró láti oṣù kìíní 2021.

Síbẹ̀, àwọn tó lò ó tí ara wọn yá kì í ṣe òpùrọ́. Ọ̀fìnkìn á lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì bí wọ́n lo nǹkan bí wọn ò lo nǹkan. Ibi tí ẹsẹ̀ ti rọ́ á wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìrora ẹ̀yìn a máa le, a sì máa rọlẹ̀, ìgbà tó bá le jù ni ènìyàn máa ń wá ìwòsàn lọ, nítorí náà rírọ̀ ló kàn. Ti pé ẹnìkan jókòó gbọ́ ẹjọ́ aláìsàn fún odidi wákàtí kan náà kò kéré. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn tí èrò ti pọ̀ kò lè fún aláìsàn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ibi tí ẹ̀bi àwọn dókítà sì wà nìyẹn.

Ewu rẹ̀ wà níbi tí ìdádúró ti lè pànìyàn. Ní 2000, àwọn dókítà ará Faransé ròyìn nínú ìwé ìròyìn BMJ nípa obìnrin kan tó lọ sí Tógò, tó sì jẹ́ pé oògùn hómíópátì ló fẹ́ fi dènà ibà. Ibà ẹ̀fọn mú un débi pé ẹ̀yà ara rẹ̀ mélòó kan daṣẹ́ sílẹ̀, oṣù méjì ló sì lò ní yàrá ìtọ́jú pàjáwìrì. Èèpo cinchona tí Hahnemann jẹ ní kuníìnì tó ń pa kòkòrò ibà nínú. Èyí tí wọ́n ti bomi là kò ní. Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ ní 2009 pé kí ẹnikẹ́ni má fi hómíópátì wo ibà, ikọ́ ẹ̀gbẹ, àrùn HIV tàbí ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé. Ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru nílò omi oníyọ̀ àti ṣúgà kíákíá, àti zinc.

Ewu kejì ni ti èyí tí wọn kò bomi là tó. Ní Amẹ́ríkà, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn níbẹ̀, kìlọ̀ ní 2010 àti 2016 nípa hóró kan tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń hu eyín, tí belladonna wà nínú rẹ̀. Májèlé ni ewé náà, nígbà tí wọ́n sì yẹ àwọn hóró náà wò, wọ́n rí i pé iye rẹ̀ kò dọ́gba, ó sì pọ̀ nínú àwọn kan ju èyí tí wọ́n kọ sára ìgò lọ.

Ní Nàìjíríà, MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn dókítà níwèé àṣẹ, ni òfin gbé àbójútó irú ìṣègùn yìí lé lọ́wọ́. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní London tàbí Houston máa ń bá oògùn wọ̀nyí pàdé lórí àtẹ kan náà pẹ̀lú parasitámọ́ọ̀. Àmì tó wà lára páálí ló ń sọ irú èyí tí wọ́n jẹ́. C tàbí CH túmọ̀ sí pé ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń là á ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, X tàbí D sì jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Bí nọ́ńbà náà bá ga, bíi 30C tàbí 200C, ṣúgà ni. Bí ó bá kéré, bíi 1X tàbí 3X, ohun tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ dáadáa, ó sì yẹ kí aláboyún, ọmọ ọwọ́ àti ẹni tó ń lo oògùn mìíràn fi han dókítà tàbí apòògùn kí wọ́n tó lò ó. Nínú èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, kò sí ọ̀kankan tí FDA fọwọ́ sí pé ó ń wo àìsàn.