Ẹ má ta àwo orin bàbá yín ní ọ̀pọ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, kẹ́ ẹ tó kó àwo orin bàbá yín fún àwọn tó ń ra àlòkù, ẹ dúró ná.

Tẹ́lẹ̀, orin kì í sábà kọjá ìṣẹ́jú 5 lójú kan àwo. Lọ́dún 1948 ni ilé iṣẹ́ Columbia l'Amẹ́ríkà gbé LP jáde, ojú kan ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 22. Ibẹ̀ làwọn olórin wa ti rí àyè. Ebenezer Obey àti Sunny Ade ń so orin mọ́ orin títí ojú àwo á fi tán. "Zombie" Fela nìkan, tó lé ní ìṣẹ́jú 12, gba odindi ojú kan.

Lónìí, àwọn òyìnbó ń wá irú àwo bẹ́ẹ̀ kiri. Àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ tí ara rẹ̀ ò ní àpá, tí páálí rẹ̀ ò ya, ló ń pawó jù.

Ẹ jẹ́ n fi òfin tí mo kọ́ kún un: ẹni tó ra àwo kò ra orin inú ẹ̀. Ẹ̀tọ́ orin náà lè ṣì wà lọ́wọ́ olórin, àwọn ọmọ rẹ̀ tàbí ilé iṣẹ́ tó gbé e jáde. Bó o bá jẹ́ ọmọ olórin, má ṣe fi àwo àti ẹ̀tọ́ tà pọ̀ nínú ìwé kan ṣoṣo tó ò kà.

Èmi ò ní kẹ́ ẹ má tà á o. Ẹ kàn mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń tà.