Bohm àti ọ̀rọ̀-ìṣe: àbá onímọ̀ físíìsì kan nípa èdè, àti ohun tí Yorùbá lè sọ sí i

0. Ìfáárà

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé àbá kan tí David Bohm, gbajúmọ̀ onímọ̀ físíìsì, dá nípa èdè nígbà tó ti dàgbà. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ físíìsì kò ka àbá náà kún iṣẹ́ wọn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè náà kò yẹ̀ ẹ́ wò púpọ̀. Ìdí tí mo fi gbé e wá síwájú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ẹ̀rí tí a lè fi dán an wò wà lẹ́nu wa lójoojúmọ́. Yàtọ̀ sí èyí, a sábà máa ń gbọ́ láàrin ara wa pé èdè Yorùbá ní òye kan nínú tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Àbá Bohm lè dùn létí ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí a mọ ibi tó gbéṣẹ́ dé.

1. Bohm àti iṣẹ́ rẹ̀

Wọ́n bí Bohm ní 1917 ní Wilkes-Barre, ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà. Ó ń kọ́ni ní Princeton nígbà tí ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin tó ń wádìí àwọn kọ́múníìsì pè é ní 1949. Ó kọ̀, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kó lọ sí São Paulo ní Brazil ní 1951. Láti ibẹ̀ ó gba Israel àti Bristol kọjá kó tó dé Birkbeck College ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1961. Ó kú ní 1992.

Iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní 1952, ó tẹ àpilẹ̀kọ méjì jáde tó túmọ̀ ìmọ̀ kùáńtọ̀mù lọ́nà mìíràn: electron ní ojú ibi tó wà nígbà gbogbo, ìgbì kan ló sì ń darí rẹ̀. Ní 1959, òun àti Yakir Aharonov ṣàlàyé ìṣẹ̀lẹ̀ kan tó ń jẹ́ orúkọ àwọn méjèèjì títí dòní.

Ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1980, *Wholeness and the Implicate Order*, gba ọ̀nà mìíràn. Bohm ní ayé kì í ṣe àkójọ nǹkan tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìṣàn kan ṣoṣo ni. Ohun tí a ń rí ń tú jáde láti inú rẹ̀, ó sì tún ń ká padà wọ inú rẹ̀. Ó fi gíláàsì méjì ṣe àpẹẹrẹ, ọ̀kan nínú èkejì, tí omi kan tó ki, glycerine, wà láàrin wọn. Bí a bá kán yíǹkì sí i, tí a sì rọra ń yí gíláàsì kan, yíǹkì náà yóò fà títí a kò fi ní rí i mọ́. Bí a bá yí i padà, ẹ̀kán yíǹkì náà yóò tún kó ara rẹ̀ jọ. Nígbà tí a kò rí i, kò parẹ́. Ńṣe ló ká sínú omi náà.

2. Bí ọ̀rọ̀ ṣe kan èdè

Bí ayé bá jẹ́ ìṣàn kan, kí ló dé tí a fi ń rò ó ní ègé ègé? Nínú orí kejì ìwé náà, Bohm ní èdè wà lára ohun tó fà á. Olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ ni ìhun gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì àti ti ọ̀pọ̀ èdè mìíràn. Ìhun yìí ń jẹ́ kó dà bíi pé nǹkan kan ti wà lọ́tọ̀ kó tó ṣe nǹkan mìíràn tó wà lọ́tọ̀. Ẹ wo (1), tó jẹ́ àpẹẹrẹ tirẹ̀, kí ẹ fi (2) àti (3) tí mo fi kún un wé e:

(1) It is raining.
(2) Il pleut.
(3) Òjò ń rọ̀.

Bohm béèrè pé ta ni “it” inú (1) tó ń ṣe iṣẹ́ òjò? Kò sí i. Gírámà ló pè é wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni “il” inú (2).

Nítorí náà, ó dá ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ kan tó pè ní “rheomode”, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ìṣàn. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe ni ìpìlẹ̀. Ó mú “levate” láti inú Látìn, ó ní ó túmọ̀ sí kí a gbé ohunkóhun sókè kí ọkàn lè rí i. Láti inú rẹ̀ ni ó ti ṣẹ̀dá “re-levate”, kí a tún gbé e sókè. “Re-levant”, bí àtúngbé náà bá bá ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ mu. Àti “irre-levant”, bí kò bá bá a mu. Ó túmọ̀ “divide” náà sí kí a rí nǹkan bí ohun tó pínyà, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí “rí” ló wà nínú rẹ̀. Òun náà ní fún ìdánwò òun ni. Ìtàn ọ̀rọ̀ Látìn kò ti èyí lẹ́yìn.

3. Kí ni Yorùbá sọ sí i?

Lójú àkọ́kọ́, èdè wa dà bí ohun tí Bohm ń wá. Ohun tí Faransé ń fi ọ̀rọ̀-àpèjúwe sọ, ọ̀rọ̀-ìṣe ni àwa sábà máa ń fi sọ ọ́: *ilé náà ga, aṣọ náà pupa*. Láti inú *mọ̀*, a ní *ìmọ̀, mímọ̀, àìmọ̀* àti *onímọ̀*, gẹ́gẹ́ bí Bohm ṣe ń to àfòmọ́ mọ́ “levate”. Nínú (3), kò sí olùwà òfìfo.

Ṣùgbọ́n ẹ wo (4) àti (5):

(4) Ebi ń pa mí.
(5) Ẹ̀rù bà mí.

Níbí, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara àti ọkàn ẹni ló di olùwà, èmi sì di àbọ̀. Bí a bá fi ojú Bohm ka gbólóhùn wọ̀nyí, a ó ní Yorùbá gbà pé ebi jẹ́ ẹ̀dá kan tó dá dúró, tó ń lu ènìyàn pa. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá bi yín pé “Ta ló ń pa ọ́?”, ẹ kò ní dáhùn pé “Ebi”, àfi bí ẹ bá ń ṣàwàdà. Èdè kan náà ló sọ gíga di ìṣe, tó sì sọ ebi di olùṣe. A kò lè mú ìdajì àkọ́kọ́ fi yin ara wa kí a sì fi ìdajì kejì pamọ́.

Bohm fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibí yìí. Ó ní nínú èdè Hébérù àtijọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe ni gbòǹgbò ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n lóde òní, ọ̀rọ̀-orúkọ ló jọba nínú ìlò rẹ̀ bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbòǹgbò náà kò yí padà. Bí ìyẹn bá rí bẹ́ẹ̀, ìhun ọ̀rọ̀ nìkan kò lè sọ bí ènìyàn ṣe ń ronú. Ìlò ni a gbọ́dọ̀ wò.

4. Ohun tó kù

Èmi kò sọ pé kí a da àbá náà nù. Ìbéèrè rẹ̀ nípa “it” dára: nígbà wo ni gírámà ń bá wa pe ohun tí kò sí? Ohun tí mo kọ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ọ̀rọ̀-ìṣe inú èdè rẹ̀, kó sì kọ ọ́ pé àwọn baba ńlá wa ti mọ kùáńtọ̀mù. Iyì Yorùbá kò sí lọ́wọ́ físíìsì, ẹni tó bá gbé e lé e yóò rí i pé (4) já a kulẹ̀.

Iṣẹ́ gidi wà níbẹ̀ fún wa. Ẹ gba irú gbólóhùn (4) àti (5) sílẹ̀ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀, ní Àjàṣẹ́, àti lẹ́nu àwọn Ifẹ̀ ti Tógò. Ẹ wò ó bóyá olùwà kan náà ni wọ́n ń lò, bóyá a lè fi *ta ni* tàbí *kí ni* bi í léèrè, àti ìgbà tí àwọn tó ń sọ ọ́ fi ń rẹ́rìn-ín sí ìdáhùn. Ẹ̀rín yẹn wà lára ẹ̀rí. Bohm kò ní irú rẹ̀, nítorí pé èdè tó fi ṣe ìdánwò kò ní ẹni tó ń sọ ọ́ nílé.